Agolo Tí Ń Mí

Òru ọjọ́ tí iná ọba lọ ní agogo méjì,
ẹ̀rọ ńlá tí a yá ní ọsibítù ké lẹ́ẹ̀mẹta,
ó dákẹ́.
Àjẹkì ni ẹ̀rọ ọ̀hún, inú rẹ̀ kì í kún.
Jẹnẹrétọ̀ Gàníyù ò sì ní bẹntiróòlù.
Mo gbá àpò rọ́bà mú,
mo ń tẹ̀, mo ń tú,
mo ń tẹ̀, mo ń tú,
ní yàrá wa ní Òkè-Baálẹ̀,
títí àkùkọ ilé Sìfáwù fi kọ.

Mí, bàbá mi. Má mì. Mí.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Làmídì ní ìdí rélùwéè,
ẹ mọ̀ pé àyà wọn kì í ṣe àyà ọ̀lẹ.
Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi fọn fèrè kí ọkọ̀ tó gbéra.
Àìsàn tó ń jẹ iṣan ló dé,
ó bẹ̀rẹ̀ láti ìka ẹsẹ̀,
ó ń gòkè bọ̀ bí ẹni ń gun àkàbà,
ó wá fìdí kalẹ̀ sí igbá àyà.

Ìka mi ló kọ́kọ́ gbọ́n lóru yẹn, kì í ṣe orí mi.
Ìka mi rí i pé Bàbá ló ń bẹ̀rẹ̀,
díẹ̀, bí ọmọdé tó fẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú àgbà,
èmi kàn ń bá wọn parí rẹ̀ ni.
Bí wọ́n bá ń mí síta, ọwọ́ mi ń sinmi.
Ó lé ní ìdajì òru tí mo fi sinmi láìmọ̀.

Hẹn-ẹn.

Ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ọlọ́nkoro, níbi tí mo ti ń tún fóònù ṣe,
mo tú fáànù inú kọ̀ǹpútà àlòkù,
mo ṣa bátìrì lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà,
mo gbé òkúta lé rọ́bà inú bọ́ọ̀lù
kó lè le bí àyà aláìsàn.
Èkíní pariwo. Bàbá ní,
"Mọ́ríyámọ̀, ẹ̀rọ ìlọta lo gbé wá?"
Èkejì gbóná, ike rẹ̀ yọ́ bí òrí.
Ẹ ò ní fẹ́ gbọ́ ti ẹ̀kẹta.

Ẹ̀kẹrin ni mo kọ́ ní sùúrù.
Mo fi etí kékeré kan sínú ọ̀pá rẹ̀:
bí Bàbá ò bá tíì fa afẹ́fẹ́, kò ní fẹ́;
bí wọ́n bá ń mí síta, a tòògbé.
Oorun kúkúrú yẹn, láàárín èémí kan àti òmíràn,
ló jẹ́ kí bátìrì tó ń kú ní wákàtí mẹ́ta
máa rí àfẹ̀mọ́júmọ́.
Kò ju agolo mílíìkì ńlá lọ.
Iye iná tí gílóòbù ilé ìyàgbẹ́ ń jẹ ló ń jẹ.

Dókítà Fámákinwá yí i síwá, yí i sẹ́yìn.
"Bí wáyà kan bá já lóru ńkọ́?"
Mi ò rí èsì fọ̀.
Mo padà sílé, mo fi agogo ìkìlọ̀ kún un,
tó ní bátìrì tirẹ̀, tí kì í bá ẹnikẹ́ni jẹun.
Ìyá Sìfáwù ń bèèrè iye tí n ó tà á.
Mo ní ó di ọjọ́ mìíràn.
Àpò rọ́bà ṣì wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi.

Lánàá, iná ọba lọ. Ẹnikẹ́ni ò sáré.
Bàbá gbé agolo lé itan,
a ti kẹ̀kẹ́ wọn dé ẹnu ọ̀nà, oṣù keje tí wọ́n ti rí títì gbẹ̀yìn.
Wọ́n ní kí n tẹ́tí.
Mi ò gbọ́ nǹkan kan.
"Ohun tí mo fẹ́ kí o gbọ́ nìyẹn."
Àfi àkùkọ ilé Sìfáwù,
tó ṣi àsìkò.